Bí Àwọn Ẹ̀dá Onísẹ́ẹ̀lì Kan Tí Ó Nírun Ṣe Ń Jẹun, àti Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dà Nínú Wọn: Àlàyé fún Olùtọ́jú àti Òṣìṣẹ́ Ìlera

Ciliate ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tí gbogbo ara wọn kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, tí irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì wà lára wọn. Wọn kò ní ikùn, wọn kò ní ìfun, wọn kò sì ní eyín. Síbẹ̀ wọ́n ń jẹun, oúnjẹ ń dà nínú wọn, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Àwọn kan tilẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ láti sọ omi ẹlẹ́gbin di èyí tí ó mọ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn, tí a ń pè ní Balantidium coli, tí ó máa ń gbé inú ìfun ńlá ènìyàn, tí ó sì lè fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀.

A kọ àlàyé yìí fún àwọn òbí, fún àwọn tí ń tọ́jú ọmọdé tàbí aláìsàn nílé, àti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, pàápàá àwọn tí ó wà ní Lagos Town ní ìlú Accra, àdúgbò tí a ń pè ní Accra New Town nísinsìnyí. Àwọn Yorùbá àti àwọn ará Nàìjíríà mìíràn ni orúkọ àdúgbò náà ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Ghana sílẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ tí ìjọba Busia pa fún àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀ títí di òní.

Ẹni tí ó bá mọ bí ciliate ṣe ń jẹun yóò mọ ìdí tí èyí tí ń gbé inú ènìyàn fi ń dá egbò sí ìfun, yóò mọ ìdí tí yàrá àyẹ̀wò fi ń béèrè ìgbẹ́ tútù nínú ike gbígbẹ, yóò sì mọ ibi tí a ti lè dí ọ̀nà mọ́ àrùn náà.

Kí ni ciliate?

Àìlóǹkà sẹ́ẹ̀lì ni ó para pọ̀ di ara ènìyàn, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti ikùn ń da oúnjẹ, ti iṣan ń gbé ni rìn, ti ojú ń ríran. Ní ti ciliate, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo náà ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Irun ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn nínú omi. Àwọn irun náà ń lù ní ìtẹ̀léra, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ bá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kan náà.

Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Paramecium, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ní ilé-ìwé. Paramecium caudatum máa ń gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà. Bí a bá to mẹ́rin ní orí-sí-ìdí, wọn yóò gùn tó mílímítà 1. Ẹni tí ojú rẹ̀ dára lè rí i nínú ìgò bí ẹ̀kún funfun tí ń sáré, ṣùgbọ́n máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni a fi ń rí ẹnu àti inú rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ń gbé?

Ibikíbi tí omi bá wà tí kòkòrò bakitéríà sì wà nínú rẹ̀, ciliate kì í jìnnà síbẹ̀. Wọ́n wà nínú adágún, nínú òkun, nínú ilẹ̀ tútù, nínú omi tí ó dúró sójú kan nínú táyà tàbí agolo, àti nínú gọ́tà. Omi gọ́tà Lagos Town àti ti Nima ń ṣàn lọ sínú odò Odaw, èyí tí ó gba ìhà Kwame Nkrumah Circle kọjá lọ sí ọ̀sà Korle. Irú omi bẹ́ẹ̀ kún fún bakitéríà, bakitéríà ni ó sì jẹ́ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ciliate.

Àwọn mìíràn ń gbé inú ẹranko. Inú ìpín àkọ́kọ́ nínú ikùn màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, èyí tí a ń jẹ ní ṣàkì, kún fún ciliate tí ń gbé sítáàṣì àti koríko tí màlúù jẹ mì. Àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Faransé, Gruby àti Delafond, ni ó kọ́kọ́ ròyìn wọn ní ọdún 1843. Àwọn ciliate ṣàkì wọ̀nyí kì í fa àrùn fún ènìyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun?

Ní ẹ̀gbẹ́ kan ara Paramecium, ihò kan wà tí ó jìn wọnú bí ojú àgbàrá tí òjò gbẹ́. Irun tí ó wà nínú ihò náà pọ̀, ó sì le ju ti ara yòókù lọ. Bí wọ́n bá ti ń lù, omi yóò máa yí bírí wọ inú ihò náà, yóò sì máa wọ́ bakitéríà àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ bọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà ni ẹnu wà. Awọ tí ó bo ẹnu yìí rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́ ju ti ara yòókù lọ.

Oúnjẹ tí ó dé ẹnu yóò máa kó jọ sínú awọ náà, awọ yóò sì máa wú bí ẹni fẹ́ bàlúù. Bí ó bá tóbi tó, yóò já kúrò lára ẹnu, yóò sì di àpò roboto kan tí ó léfòó nínú ẹ̀dá náà. A ó máa pè é ní àpò oúnjẹ. Bí èyí bá ti já, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ẹnu.

Ohun kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ẹnu yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣa ohun tí ó ń gbà. Bí a bá bu ẹ̀dú lílọ̀ tàbí àró wẹ́wẹ́ tí kò lè ṣe ara lóore sínú omi, Paramecium yóò gbé e mì, yóò sì tún yà á nù. Ohun tí omi bá gbé dé ẹnu ni ó ń jẹ.

Gbogbo ciliate kọ́ ni ó ń jẹun báyìí. Vorticella fi igi ọrùn gígùn kan so ara rẹ̀ mọ́ ojú kan, ó sì ń fi irun ẹnu fa omi wá sọ́dọ̀. Didinium jẹ́ ọdẹ. Ó lè gbé odindi Paramecium tí ó tóbi jù ú lọ mì. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní suctorian kì í ní irun mọ́ bí wọ́n bá dàgbà. Wọn a máa na ọwọ́ tín-ín-rín jáde, wọn a sì máa fi í fa inú ciliate mìíràn mu bí ẹni fi sítírọ́ọ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń dà nínú wọn?

Nínú ènìyàn, oúnjẹ ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn: láti ẹnu sí ikùn, láti ikùn sí ìfun. Nínú ciliate, àpò oúnjẹ ni ó ń yí káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, ohun tí ó yẹ sì ń wá bá a lójú ọ̀nà. Ìpele márùn-ún ni a lè pín in sí nínú Paramecium:

1. Àpò oúnjẹ já kúrò ní ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ.

2. Àwọn àpò kéékèèké tí ó ru ásíìdì wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Omi inú rẹ̀ fà jáde, àpò náà sún kì, inú rẹ̀ sì di kíkan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kíkan rẹ̀ sún mọ́ ti ọtí kíkan. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bakitéríà tí a gbé mì ti ń kú.

3. Àwọn àpò kéékèèké mìíràn, tí ó ru ẹ́ńsáìmù, wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, irú èyí tí ó wà nínú itọ́ àti ìfun àwa náà. Kíkan inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, òkú bakitéríà sì ń yọ́.

4. Ohun tí ó ti dà yóò gba ara awọ àpò kọjá sínú sẹ́ẹ̀lì, yóò sì di agbára àti ara fún un.

5. Èyí tí kò lè dà yóò kù sínú àpò. Àpò náà yóò lọ sí ojú kan pàtó lára ẹ̀dá náà, èyí tí ó jẹ́ ihò ìdí fún un, yóò là, yóò sì da ìgbẹ́ rẹ̀ síta. Awọ àpò kò ní ṣòfò: a ó fà á padà sínú, yóò sì tún lọ di àpò tuntun ní ẹnu.

Gbogbo ìrìn yìí lè gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ó sì máa ń yá sí i bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Olùkọ́ lè fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó se ìwúkàrà pọ̀ mọ́ àró pupa tí a ń pè ní Congo red, kí ó sì kán an sínú omi tí Paramecium wà. Bí ó bá wo máíkírósíkóòpù, yóò rí i pé ìwúkàrà inú àpò yóò kúrò ní pupa, yóò di aró búlúù nígbà tí ásíìdì bá dé, yóò sì tún padà sí pupa nígbà tí kíkan bá dínkù.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí?

Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ilẹ̀ Holland, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí irú àwọn ẹ̀dá báyìí, láàárín ọdún 1670 sí 1680. Ní ọdún 1838, Christian Ehrenberg ti ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwé ńlá kan jáde. Ó ti fi àró bọ́ wọn, ó sì rí ọ̀pọ̀ àpò aláró nínú ẹyọ kan, ó wá gbà pé ikùn púpọ̀ ni wọ́n ní. Félix Dujardin ti ilẹ̀ Faransé ta kò ó: ó ní àpò náà kì í dúró sójú kan, nítorí náà kò lè jẹ́ ikùn. Ti Dujardin ni ó borí. Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ọ̀rúndún ogún, Agnes Fok àti Richard Allen ní Yunifásítì Hawaii ṣe àlàyé bí ásíìdì àti ẹ́ńsáìmù ṣe ń wọ inú àpò ní ìtẹ̀léra.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ara ènìyàn gan-an. Elie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣe àkíyèsí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa náà máa ń gbé bakitéríà mì sínú àpò, tí wọ́n sì ń dà á bí ẹni da oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1908, òun àti Paul Ehrlich gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń dènà àrùn.

Àǹfààní wo ni jíjẹun wọn ń ṣe fún wa?

Ní ibi tí a ti ń tọ́jú omi ẹlẹ́gbin, tí a sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ciliate ń jẹ bakitéríà tí ó léfòó nínú omi, omi náà yóò sì mọ́ gaara sí i. Ní ọdún 1968, Colin Curds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe é láìsí ciliate, tí wọ́n sì tún ṣe é pẹ̀lú ciliate. Omi tí kò ní ciliate rú, bakitéríà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ciliate sí i, omi náà mọ́.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé omi gọ́tà tí ciliate wà nínú rẹ̀ ṣeé lò. Ciliate kì í jẹ bakitéríà tán. Àwọn bakitéríà kan, bíi Legionella, tilẹ̀ lè là á já nínú àpò oúnjẹ, kí ciliate sì yà wọ́n jáde láàyè. Bákan náà ni ciliate kò ní agbára lórí ẹyin aràn. Ciliate ń dín ẹrù kù ni. Kò sọ omi di mímu.

Balantidium coli: èyí tí ń gbé inú ìfun ènìyàn

Láàárín gbogbo ciliate, Balantidium coli nìkan ni a mọ̀ pé ó ń fa àrùn inú ìfun fún ènìyàn. Dókítà Malmsten ní ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ lára ènìyàn, ní ọdún 1857. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i lára ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni ilé rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé e kiri láìṣàìsàn. Nínú àwọn ìwé tuntun, ẹ lè rí i pẹ̀lú orúkọ Neobalantidium coli tàbí Balantioides coli. Ẹ̀dá kan náà ni wọ́n.

Ipò méjì ni ó máa ń wà. Ní ipò àkọ́kọ́, ó ń rìn, ó ń jẹun, ó sì ń pín sí méjì láti bí sí i. Ní ipò kejì, ó ká ara rẹ̀ kò, ó di roboto, ó sì fi awọ líle bo ara rẹ̀ bí kóró èso. A ó máa pe ipò yìí ní kóró. Kóró kì í jẹun, kì í sì í bí sí i, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ láàyè ní ibi tútù níta. Kóró ni ó ń kó ran ènìyàn.

Bí ènìyàn bá gbé kóró mì, awọ líle rẹ̀ ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ásíìdì ikùn. Yóò la ara rẹ̀ ní ìfun kékeré, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìfun ńlá. Níbẹ̀ ni yóò ti máa jẹun gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé lókè: irun ẹnu rẹ̀ ń wọ́ oúnjẹ wá, àpò oúnjẹ ń já, ásíìdì àti ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni sítáàṣì tí ó kù nínú ohun tí a jẹ, bakitéríà, àti ikun tí ó bo ara ìfun. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan sínú.

Nínú àwọn mìíràn, yóò wọ inú awọ ìfun lọ. Ó ń tú èròjà kan tí ń jẹ́ hyaluronidase jáde, èyí tí ń tú ohun tí ó so sẹ́ẹ̀lì ìfun pọ̀ mọ́ ara wọn. Egbò yóò dá, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde, ciliate náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mì. Ohun tí omi bá gbé dé ẹnu ni ó ń jẹ. Nínú egbò, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni omi ń gbé dé ẹnu rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń kó o?

Ènìyàn ń kó o bí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ènìyàn tí ó ní in bá dé ẹnu rẹ̀: nínú omi, lára ewébẹ̀ tí a kò fọ̀ dáadáa, tàbí lọ́wọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀.

Ìdílé Mùsùlùmí pọ̀ ní Lagos Town, wọn kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í sìn ín. Ẹnìkan lè rò pé àrùn yìí kò kan irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Jíjẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni ó ń fà á. Ìgbẹ́ ni ó ń gbé e, ìgbẹ́ kì í sì í mọ ààlà. Àgbàrá lè gbé e láti àdúgbò kan dé òmíràn, ewébẹ̀ sì lè gbé e dé orí tábìlì. Ní Accra, àwọn àgbẹ̀ kan ń fi omi gọ́tà àti omi odò rin létúùsì àti kábéèjì tí a ń tà lọ́jà.

Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n lára ènìyàn. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀ ni bakitéríà Shigella, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan mìíràn tí ń jẹ́ Entamoeba histolytica sì máa ń fà á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, ọ̀nà yẹn náà sì ni kọ́lẹ́rà gbà ní ọdún 2014, nígbà tí ó mú ènìyàn tí ó lé ní 28,000 ní Ghana, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 200, tí Accra sì jẹ́ ibi tí ó ti jà jù. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà náà ti dí i mọ́ gbogbo wọn.

Kí ni àwọn àmì rẹ̀?

• Ìgbẹ́ gbuuru, tí ó lè ní ẹ̀jẹ̀ àti ikun nínú.
• Inú rírun àti ìnira nígbà tí a bá fẹ́ yàgbẹ́.
• Èébì, ibà, tàbí orí fífọ́.
• Nínú ẹni tí ó pẹ́ lára rẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru tí ń lọ tí ń bọ̀, àti rírù.

Ó máa ń le jù lára ẹni tí kò rí oúnjẹ tó dára jẹ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti gbógun ti àrùn. Nígbà mìíràn, tí kì í wọ́pọ̀, egbò lè dá ìfun lu. Èyí ń pa ènìyàn bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀ bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ó bá ń bì léraléra, tàbí bí ó bá rọ jọwọlọ.

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìgbẹ́ ni a ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Balantidium coli ni ó tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń gbé ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́. Gígùn rẹ̀ lè tó màìkírọ́mítà 30 sí 150, kóró rẹ̀ sì tó 40 sí 60. Ó máa ń yí bírí bí ó ti ń rìn, kókó ńlá inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí kíndìnrín. Àpò oúnjẹ hàn nínú rẹ̀, a sì lè rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nínú àpò náà.

Àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò:

• Ẹ gbé ìgbẹ́ náà dé yàrá àyẹ̀wò kíákíá. Èyí tí ń rìn kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá ti kúrò nínú ara. Bí ibẹ̀ bá jìnnà, kí òṣìṣẹ́ fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́ sí i.
• Ẹ lo ike mímọ́ tí ó gbẹ. Ẹ má ṣe bu ìgbẹ́ láti inú ṣáláńgá tàbí láti ilẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìtọ̀ tàbí omi kàn án. Ciliate inú omi lásán lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi í pe Balantidium. Aláìsàn yóò wá máa lo oògùn àrùn tí kò ṣe é, nígbà tí ohun tí ń ṣe é gan-an ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.
• Bí a kò bá rí i lẹ́ẹ̀kan, tí àmì kò sì lọ, kí a tún un wò ní ọjọ́ mìíràn, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ó máa ń bá ìgbẹ́ jáde.

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Omi ni àkọ́kọ́. Ẹ fún aláìsàn ní ORS láti ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ORS kò bá sí nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní dídọ́gba etí ṣíbí, mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Omi inú ọ̀rá méjì tí a ń tà ní Accra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílílítà 500, jẹ́ lítà 1. Ẹ máa fún ọmọ ní ọmú àti oúnjẹ lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi sínkì kún un fún ọmọdé.

Oògùn tí a sábà ń lò fún àgbàlagbà ni tetracycline, mílígíráàmù 500, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Tàbí metronidazole, mílígíráàmù 500 sí 750, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ní tetracycline, a kì í sì í fún aboyún, nítorí ó ń ba eyín àti egungun ọmọ jẹ́. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà yóò fi ṣírò metronidazole fún un. Ẹni tí ń lo metronidazole kò gbọdọ̀ mu ọtí.

Ẹ má ṣe ra oògùn wọ̀nyí lò fúnra yín nígbàkúùgbà tí inú bá ń rú. Metronidazole kì í wo Shigella. Ẹni tí ó bá ń lò ó láìṣe àyẹ̀wò lè máa rò pé òun ń tọ́jú ọmọ, nígbà tí àrùn ń jinlẹ̀ sí i.

Báwo ni a ṣe lè dènà rẹ̀?

Ní Accra, wọ́n ti gbé ìgbésẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Ní ọdún 2008, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Ghana pàṣẹ kí ìjọba ìlú Accra fòpin sí ilé ìgbẹ́ onígarawa, èyí tí agbépóò ń gbé dànù, láàárín ọdún 5. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́ fi ń da ìgbẹ́ tútù sínú òkun ní Lavender Hill, lẹ́bàá Korle Gonno, kí wọ́n tó ṣí ilé ìtọ́jú ìgbẹ́ síbẹ̀ ní ọdún 2016. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù ìdílé nìyí:

• Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí ọmọ, kí ẹ tó dáná, àti kí ẹ tó jẹun.
• Bí omi bá mú iyèméjì wá, ẹ sè é kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé chlorine nìkan, nítorí kóró lè là á já.
• Ẹ fi omi mímọ́ fọ ewébẹ̀ àti èso, kí ẹ sì bó èyí tí ó ṣeé bó. Sísè ni ó dájú jù.
• Ẹ kó ìgbẹ́ ọmọdé dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà.
• Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nínú àgbàrá lẹ́yìn òjò.
• Ẹni tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí tí ń pa á gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà, kí ó sì jẹ́ kí ìgbẹ́ wọn jìnnà sí orísun omi.

Ẹ rántí

Ciliate tí ń jẹ bakitéríà nínú gọ́tà àti èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì nínú ìfun, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń jẹun: ohun tí omi bá gbé dé ẹnu wọn ni wọ́n ń gbé mì. Àwa ènìyàn ni a lè ṣa ohun tí yóò dé ẹnu wa. Ọṣẹ, omi sísè àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó dára ni a fi ń ṣà á. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ, ẹ fún un ní ORS, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.